Ìlà Kan Tí Mo Fi Sílẹ̀

Ìdájí ni Biáù kan ilẹ̀kùn mi ní Ṣàbẹ.
Kò gbé ìbọn. Àdá kan, omi inú ike kan,
ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ díẹ̀ nílẹ̀.
"Ìwé rẹ wà lọ́wọ́?"
Mo ní ó wà. Ọ́fíìsì Kútọnu ló ní kí n wá kà wọ́n,
gbogbo ohun tó ń mí nínú igbó ìjọba,
kí n kọ orúkọ, kí n kọ iye,
kí n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Òkè la kọ́kọ́ gùn,
àpáta dúdú tó sùn sílẹ̀ bí erin tó kọ̀ tí kò dìde.
Ọyẹ́ ti la ètè mi.
Alángbá olórí pupa ń mi orí sí gbogbo ohun tí Biáù bá sọ.
"Kọ ọ́. Alángbá, mẹ́tàdínlógún."
Mo ní ọ́fíìsì kò bèèrè alángbá.
"Ṣé wọn kì í mí ni?"
Mo kọ ọ́.
Nísàlẹ̀, ìlú ń jí: páànù, èéfín ìdáná,
ojú irin tí koríko ti jókòó lé.

Ọ̀dàn: iná ti kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó lọ.
Eérú ń fò lẹ́sẹ̀ wa.
Igi ẹmi dúró, ara rẹ̀ jó, orí rẹ̀ ń rú ewé pupa
bí ẹni tí kò gbọ́ pé wọ́n sun òun.
Ọmọ Fúlàní kan da màlúù kọjá,
lékèélékèé tẹ̀ lé e, wọ́n funfun bí ìwé tí a kò tíì kọ.
Àparò kan fò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, pẹẹrẹ!
Ọkàn mi bá a fò.
Biáù rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Kọ méjì."

Lẹ́yìn náà, Ọ̀pàrà.
Bí ẹni wọ yàrá ìyá àgbà lọ́sàn-án:
òkùnkùn tútù, òórùn ewé jíjẹrà,
ohùn tí o kò mọ ẹni tó ni ín.
Ọ̀bọ ju èso ìdajì-jẹ lù wá.
Àlùkò kọjá lórí omi, aró rẹ̀ kò ṣá.
Igi gbígbẹ kan léfòó létí odò,
mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá,
igi náà ṣẹ́jú.
Ọ̀nì, ẹyọ kan. Ọwọ́ mi gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Níbi amọ̀ rírọ̀, Biáù dúró.
Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, kò wẹ̀yìn.
Ojú pátákò: ó là sí méjì bí obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa,
omi kò tíì kún un tán.
"Àgbọ̀nrín," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Láti ọdún méje, àgbọ̀nrín èṣí nìkan la ní,
inú òwe ló ń gbé.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn,
kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

"Bàbá mi ló pa èyí tó gbẹ̀yìn.
Èmi ni mo ru orí rẹ̀ délé.
Ẹran náà dùn, n ò ní parọ́ fún ẹ."

Mo ṣí bírò.
Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ewé bo ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí a ti ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn.
"Ìwé máa ń rìn," ó ní.
"Ó ń kúrò ní ọ́fíìsì yín,
ó ń dé ibi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀tù ìbọn."

Ní Kútọnu, ọ̀gá mi ka ìwé náà.
Alángbá mú un bú sẹ́rìn-ín.
Láàárín ọ̀nì àti ojú ewé tó kàn, ó fi ìka tẹ ìlà òfìfo:
"Kí ló wà níbí?"
Mo ní bírò ló kọ̀, kò yọ.
Ó wò mí pẹ́. Ó fọwọ́ sí i.

Amọ̀ Ọ̀pàrà ṣì wà lẹ́yìn ìwé náà.
N kò tíì nù ún.